Wòlíì àti Wàlíyì: Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀

 

  

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni wòlíì. Ẹlòmíràn lè sọ pé, kí ló kan Mùsùlùmí nínú ọ̀rọ̀ wòlíì, tí ó tún wá jẹ́ nínú oṣù Ràmàdáánì? Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣojú wa.

Wọ́n pè wá síbi yìgì kan ní abúlé etíkun Ìlàjẹ, ibi tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a wọ̀ débẹ̀ láti Ìgbókọ̀dá. Orí òpó ni wọ́n kọ́ àwọn ilé sí, orí pákó ni ènìyàn ń rìn láti ilé kan sí èkejì. Ọmọbìnrin tí a fẹ́ so yìgì rẹ̀ gba ẹ̀sìn Islam nígbà tí ó ń ṣòwò ẹja l'Ékòó. Bàbá rẹ̀ ti kú. Gbogbo ẹbí rẹ̀ yòókù, ìjọ aládùúrà ni wọ́n ń lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí í ṣe àgbà ìjọ, wọ aṣọ funfun wá jókòó níwájú, ó sì gba àwa àlejò tọwọ́tẹsẹ̀.

Nígbà tí àkókò tó, Lèmọ́mù wa béèrè pé, "Wàlíyì ọmọ yìí dà?" Gbogbo ilé dákẹ́. Ó tún un bi wọ́n. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá bá dìde, ó ní, "Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa. Wòlíì wa kò sí nílé, ọkọ̀ àárọ̀ ni wọ́n bá lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àdúrà lẹ fẹ́, èmi náà lè gbà á."

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n gbọ́ nínú ìbéèrè Lèmọ́mù ni pé ọmọ àwọn kò lẹ́ni. Wọ́n fi ìborùn nu ojú, wọ́n wọ inú ilé lọ.

Ẹ̀yin ará, bàbá yẹn kò purọ́, Lèmọ́mù wa kò sì ṣì í sọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì pè, ìtumọ̀ tí oníkálukú mú ló yàtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá lè mú ìyá ọmọ sunkún lọ́jọ́ ìdùnnú, ó yẹ kí á mọ ibi tí ó ti wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀

Èdè Lárúbáwá ló ni ín. Lẹ́tà mẹ́ta ni gbòǹgbò rẹ̀: wāw, lām àti yā. Ohun tí gbòǹgbò yìí ń sọ ni ìsúnmọ́, kí nǹkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan láìsí ohun tó là wọ́n láàárín. Láti ibẹ̀ ni walī ti jáde. Ọ̀rẹ́ ni walī. Alátìlẹ́yìn ni. Alágbàtọ́ ọmọ òrukàn ni. Ẹni tí ó ń fa ọmọbìnrin fún ọkọ ni. Bí wọ́n bá pọ̀, à á pè wọ́n ní awliyā'.

Ọlọ́hun pàápàá fi ọ̀rọ̀ yìí pe ara Rẹ̀, Al-Walī wà nínú àwọn orúkọ Rẹ̀ tó rẹwà. Súrà kejì, Al-Baqara, ní aaya 257, fi yé wa pé Òun ni walī àwọn tó gba Òun gbọ́, tó ń mú wọn kúrò nínú òkùnkùn. Súrà kẹsàn-án, At-Tawba, ní aaya 71, tún lò ó fún àwa ẹ̀dá: onígbàgbọ́ òdodo lọ́kùnrin lóbìnrin jẹ́ walī ara wọn. Súrà kẹwàá, Yūnus, ní aaya 62 àti 63, wá ṣàlàyé ẹni tí walī Ọlọ́hun jẹ́. Ìgbàgbọ́ àti ìpáyà Ọlọ́hun ni àmì tí ó fún wọn. Kò dárúkọ aṣọ, kò dárúkọ àlá, kò sì dárúkọ iṣẹ́ ìyanu.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ ti ṣìnà nípa ọ̀rọ̀ yìí. Súrà karùn-ún, Al-Mā'ida, ní aaya 51, kìlọ̀ pé kí á má fi Yẹhúdí àti Nàsárà ṣe awliyā'. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rẹ́ lásán, wọ́n sì tìtorí bẹ́ẹ̀ kò kí aládùúgbò wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé ó jẹ́ níbẹ̀ ni alátìlẹ́yìn tí ènìyàn fi ọ̀ràn ìjọ Mùsùlùmí lé lọ́wọ́, tí ó sì lè tìtorí rẹ̀ kẹ̀yìn sí àwọn ará rẹ̀. Súrà ọgọ́ta, Al-Mumtahana, ní aaya 8, jẹ́ kó yé wa pé Ọlọ́hun kò kọ̀ kí á ṣe dáadáa àti déédéé sí ẹni tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn, tí kò sì lé wa kúrò nílé. Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lè fi ẹ̀sìn ni ará ilé rẹ̀ lára?

Bí ó ṣe rìn káàkiri ayé

Ọ̀rọ̀ yìí ní àwọn mọ̀lẹ́bí. Ẹ fetí sí gígùn ohùn o. Bí ẹ bá fa ohùn gùn níparí, walī ni, alábòójútó. Bí ẹ bá fa ohùn gùn níbẹ̀rẹ̀, wālī ni, gómìnà. Títí dòní, wālī ni olórí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Algeria. Mawlā náà tún wà: ẹni tó dá ẹrú sílẹ̀ ni mawlā, ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ náà sì ni mawlā, nítorí pé àwọn méjèèjì ti di ti ara wọn. Láti ara mawlā ni wọ́n ti rí mọ́láà tí wọ́n ń pe àlùfáà ní Iran àti ní ìhà Índíà.

Ní Tọ́kì, vali ni gómìnà, veli ni òbí tàbí alágbàtọ́ ọmọ iléèwé. Bí iléèwé bá pe ìpàdé òbí níbẹ̀, ìpàdé àwọn veli ni wọ́n ń pè é. Ní Indonéṣíà, wali ni ẹni tó ń fa ìyàwó fún ọkọ, wali kota ni olórí ìlú ńlá, wali kelas sì ni olùkọ́ tí kíláàsì kan wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ní erékùṣù Java ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún Wali Songo, àwọn walī mẹ́sàn-án tí ìtàn wọn sọ pé wọ́n tan Islam kálẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹrìndínlógún.

Ní etíkun ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń sọ Swahili, liwali ni wọ́n ń pe aṣojú tó ń ṣàkóso ìlú nígbà ìjọba àwọn Sultan Zanzibar. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé Mombasa tí wọ́n bá ní kí ẹ wá jẹ wali, ẹ má sá o. Ìrẹsì sísè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni, kì í ṣe ti Lárúbáwá, ohùn ló kàn jọra.

Nítòsí wa níhìn-ín, ní ilẹ̀ Háúsá, waliyyi ni ẹni rere tó súnmọ́ Ọlọ́hun, waliyyi náà ni alábòójútó ìyàwó, Wali sì wà lára àwọn oyè ààfin. Ní gbogbo ibi tí a kà yìí, ẹ ó rí i pé ohun kan ni kò yí padà. Ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ẹnì kan tàbí nǹkan kan sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni.

Bí ó ṣe di wòlíì

Islam ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò àti àwọn onímọ̀ tó wá láti ìhà Mali, Songhai àti ilẹ̀ Háúsá mú ẹ̀sìn wá, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ wá pẹ̀lú rẹ̀. Àlàáfíà, wákàtí, sánmà, alùbáríkà, gbogbo wọn ti Lárúbáwá ni. Àdúrà, addu'a Háúsá ni. Wáàsí tí àwa ń ṣe àti ìwàásù tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àlùfáà, láti ara alfa ni, bí àwọn Songhai ṣe ń pe onímọ̀ ẹ̀sìn. Bẹ́ẹ̀ ni walī ṣe di wòlíì lẹ́nu Yorùbá, tí a sì tún ń sọ ọmọ wa ní Wàlíù títí dòní. Ẹ kíyè sí i pé Yorùbá kò jẹ́ kí fífà ohùn níparí ọ̀rọ̀ náà sọnù.

Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣóògùn, ni ogun kó lẹ́rú ní ọdún 1821, Mùsùlùmí sì wà nínú àwọn jagunjagun tó kó ìlú náà. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sierra Leone, ìlú tí àwọn Yorùbá Mùsùlùmí náà wà. Ó di àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní 1843, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884.

Nínú iṣẹ́ náà, wọ́n nílò orúkọ fún ẹni tí Ọlọ́hun fi ọ̀rọ̀ rán sí aráyé. Hébérù ń pè é ní navi, Gíríìkì ń pè é ní prophetes, àwa Mùsùlùmí sì ti gba nabī, èyí tó bá navi tan, a pè é ní Ànábì. Wòlíì ni wọ́n mú. Wọ́n mú àlùfáà náà fún ẹni tí ń rúbọ nínú tẹ́ḿpìlì. Bí ọ̀rọ̀ tó jáde láti ẹnu Mùsùlùmí ṣe wọ inú Bíbélì nìyẹn. Kí á má gbàgbé pé ọwọ́ kan ò ya ọ̀rọ̀ o: Àlùkùránì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Yorùbá, èyí tó jáde ní 1906, àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́nì kan, M. S. Cole, ló túmọ̀ rẹ̀.

Ní 1925, Moses Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ l'Ékòó. Ẹgbẹ́ náà dé etíkun Ìlàjẹ, ó sì fìdí múlẹ̀ gan-an. Láti inú àwọn aládùúrà ibẹ̀ ni àwọn tó tẹ Ayétòrò dó ní 1947 ti jáde, ìlú tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jọ ń ná owó látinú àpò kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1947 kan náà ni Samuel Oṣóffà dá ìjọ Sẹ̀lẹ́sítíà sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Nínú gbogbo ìjọ wọ̀nyí, wòlíì ni ẹni tó ń ríran, tó ń lá àlá, tó sì ń jíṣẹ́ fún ìjọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe wòlíì ní etíkun Ìlàjẹ, ọkàn gbogbo ènìyàn á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wọ aṣọ funfun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wòlíì àti aládùúrà, orúkọ méjèèjì, láti inú ọ̀rọ̀ tí Mùsùlùmí mú wá ni.

Ṣé kí á wá bá wọn jà pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ wa? Rárá o. Bí a bá wáyá odò kan náà pọn, kò sẹ́ni tó máa ń bi ara rẹ̀ pé omi ta ni. Ṣùgbọ́n kí Mùsùlùmí mọ ìyàtọ̀. Ànábì ni ẹni tí Ọlọ́hun rán, Ànábì Muhammad (SAW) sì ni ìkẹyìn wọn. Walī kì í ṣe ànábì. Bí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ àlùfáà tiwa tó kó tẹ̀sùbáà sọ́rùn, bá ní òun jẹ́ walī, tó wá ní òun mọ ọ̀la, ẹ rántí àmì méjì tí Súrà Yūnus fún wa.

Wàlíyì ìyàwó ní etíkun

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ìyá tó ń sunkún. Ìlànà Ìmáàmù Mālik tí a ń tẹ̀lé ní apá ọ̀dọ̀ wa kò gba yìgì láìsí walī. Àwọn onímọ̀ ìlànà Abū Hanīfa gbà pé obìnrin tó ti bàlágà tó sì gbọ́n lè so yìgì ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa kọ́ nìyẹn. Walī obìnrin Mùsùlùmí, Mùsùlùmí ni yóò jẹ́. Bí bàbá kò bá jẹ́ Mùsùlùmí, a ó wo àwọn ọkùnrin ẹbí tó jẹ́ Mùsùlùmí. Bí kò bá sí rárá, hádíìsì tí Abū Dāwūd àti Tirmidhī gbà wá jẹ́ kí á mọ̀ pé aláṣẹ ni walī ẹni tí kò ní walī. Níbi tí kò sí àdájọ́ Mùsùlùmí, Lèmọ́mù ló ń dúró síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àbùkù ni. Ẹ wo Ummu Habība, ìyàwó Ànábì (SAW), ìyá gbogbo wa. Ó ti ré òkun kọjá lọ sí Habasha, ìyẹn ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Etiópíà lónìí, pẹ̀lú àwọn Mùsùlùmí tó sá fún ìnira Mẹ́kà. Bàbá rẹ̀, Abū Sufyān, olórí pàtàkì ní Mẹ́kà, kò tí ì gba Islam nígbà náà. Nígbà tí Ànábì (SAW) ránṣẹ́ láti fẹ́ ẹ, àwọn òpìtàn sọ pé Khālid ọmọ Sa'īd, ọmọ ẹbí rẹ̀ tó wà pẹ̀lú wọn lókè òkun, ló dúró fún un, ọba Najāshī sì san sàdáàkì. Ta ni yóò sọ pé Ummu Habība kò lẹ́ni? Ta ni yóò sì sọ pé Abū Sufyān kì í ṣe bàbá rẹ̀ mọ́?

Ohun tí Lèmọ́mù wa sọ fún ìyá náà nìyí. Wọ́n tọ̀ wọ́n wọ inú ilé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má sunkún mọ́. Ọmọ yín lẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ ni ín, bàbá tó wà níta yẹn ló ni ín. Iṣẹ́ kékeré kan ni ẹ̀sìn wa fi sílẹ̀ fún Mùsùlùmí láti ṣe, bí akọ̀wé ṣe ń fọwọ́ sí ìwé." Wọ́n pe ọmọbìnrin náà, wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ ọkọ yìí tọkàntọkàn, àti bóyá ó gbà kí Lèmọ́mù jẹ́ wàlíyì òun. Ó ní òun gbà á. A tún padà síta, wọ́n sọ ìtumọ̀ wàlíyì fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bàbá náà mi orí, wọ́n ní, "Ẹni tó bá a tan tó sì dúró tì í. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Àlùfáà, ẹ so ó. Èmi náà ò níí jìnnà." Lèmọ́mù ní kí wọ́n wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n wà títí a fi ka Fátíà.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni kí á mú lọ sílé. Èkíní, kí á ti yanjú ọ̀rọ̀ wàlíyì kí ọjọ́ yìgì tó pé, kí á sì fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹbí tí kì í ṣe Mùsùlùmí. A kì í bi àgbàlagbà ní ọ̀rọ̀ tí kò yé e lójú àwùjọ.

Èkejì, wàlíyì kì í ṣe olówó ọmọ. Khansā' ọmọ Khidām wá sọ fún Ànábì (SAW) pé bàbá òun fi òun fún ọkọ tí òun kò fẹ́, Ànábì sì tú ìgbéyàwó náà ká. Bukhārī ló gbà á wá. Bàbá tó bá fi ipò walī gba owó sápò, tàbí tó fi fa ọmọ lé ẹni tí ọmọ kò fẹ́ lọ́wọ́, ó ti kúrò nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó gba Islam láàárín ẹbí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí wọn. Súrà kọkànlélọ́gbọ̀n, Luqmān, ní aaya 15, fi yé wa pé bí òbí bá tilẹ̀ ń fà wá sí ibi tí a kò lè tẹ̀lé wọn, kí á ṣì máa bá wọn gbé pẹ̀lú dáadáa. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò àti láwọn abúlé mìíràn ní etíkun yìí. Nígbà tí omi bá dé, ẹni tó wà nítòsí ló ń bá ni gbé ẹrù sínú ọkọ̀, kì í béèrè pé mọ́ṣáláṣí ni tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsúnmọ́ tí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí ń sọ náà nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun, Al-Walī, jẹ́ walī wa láyé àti lọ́run. Kí Ó fún àwọn ọmọbìnrin wa ní ẹni tí yóò dúró fún wọn láìrẹ́ wọn jẹ. Kí Ó dáàbò bo àwọn ará wa tó wà lójú omi, kí Ó sì gba ààwẹ̀ wa. Àmín.